Àmín tí Díákónì Àyàntúndé Fà Sẹ́yìn

Díákónì Àyàntúndé, ọmọ Ṣakí tó ń fi máíkírà, takisí kékeré, kó èrò láti Agbowó sí Dùgbẹ̀, kì í fi Àmín ṣeré. Ẹ̀jẹ́ ni lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin jíròrò lórí bọ́ọ̀sì ńlá tí ìjọba fẹ́ fi rọ́pò máíkírà lójú ọ̀nà náà, ó tan rédíò mọ́tò rẹ̀, nítorí oúnjẹ ilé rẹ̀ ni wọ́n ń jíròrò lé lórí.

Aṣòfin kan béèrè lórí rédíò pé, "Ta ni yóò ta àwọn bọ́ọ̀sì yìí fún wa, èló sì ni?"

Olórí ilé aṣòfin wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí." Ó sì gbàdúrà náà láì dáhùn ìbéèrè.

"Àmín!" ni gbogbo èrò inú mọ́tò dáhùn. Díákónì nìkan ló dákẹ́.

Láwùmí, ọmọ ìjọ rẹ̀ tó jókòó níwájú, fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Díákónì, ẹ ò ṣe Àmín? Àbí ẹ ti di kèfèrí?"

"Ọmọ mi, ìdérí ìkòkò ni àdúrà tí wọ́n fi bo ìbéèrè. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà, mi ò ní bá wọn dé e."

Nígbà tí wọ́n dé Mọ́kọ́lá, ó pa rédíò, ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí wọ́n dá aṣòfin tó béèrè yẹn lóhùn."

Láwùmí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.