Àtàǹpàkò Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ náà, òkú ni mo bá ọ̀gá mi. Ó nà gbalaja sílẹ̀ nínú kíṣíìnì rẹ̀ ní Pearland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ọ̀bẹ há sí abíyá rẹ̀, nǹkan pupa sì ti ṣàn dé ìdí fíríìjì. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán. Mo sáré jáde, mo pe 911, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ mi, torí pé ẹni tó pa á lè ṣì wà nínú ilé. Áńbúláǹsì dé, ọlọ́pàá dé. Ọkùnrin onírunmú ńlá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kan ọrùn òkú náà. Òkú la ojú kan.

Ó bi mí pé, "Báwo lo ṣe rí i? Ṣé o gbà á gbọ́?"

Tòmátò inú agolo ni nǹkan pupa náà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Houston ni ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Kèágífà ni wọ́n ń pè wá. A máa ń wẹ̀ wọ́n, a máa ń se oúnjẹ wọn, a máa ń rí i pé wọ́n lo oògùn, a sì máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó máa ń wà lórí tábìlì, tí wọ́n ń pè ní ìwé ìlànà ìtọ́jú. Òfin kìíní nínú ìwé náà ni pé bí ẹni tí ò ń tọ́jú bá ṣubú tí kò dáhùn, pe 911, má ṣe dúró rò ó. Kò sí kèágífà tí òfin yẹn bá lára mu tó èmi Àlàbá.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi ti fẹ́ gbé mi lọ rí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mò ń gbé ilé ìsàlẹ̀ kan ní Humble. Òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀, omi wọlé, ó gbé fíríìjì mi léfòó, mo sì jókòó lé e lórí bí ẹni gun ẹṣin. Ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń kó èèyàn kọjá lójú fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí n ké. Ohun tí mo sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," ní ohùn tí mo fi ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò gbọ́. Ìgbà kẹta tí wọ́n kọjá ni ajá kan nínú ọkọ̀ wọn rí ẹsẹ̀ mi, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Láti ọjọ́ náà ni fèrè ti wà lọ́rùn mi, tí aṣọ agbéniléfòó sì ti wà nínú búùtù ọkọ̀ mi, kódà nígbà ọ̀dá. Ìyàwó mi máa ń sọ pé, "Bàbá Dámi, ẹ̀rù ti bà yín débi pé ẹ̀rù gan-an ti ń bẹ̀rù yín."

Irú mi ni wọ́n wá fi síṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ikú jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Apẹja ni bàbá rẹ̀ ní ìlú kékeré kan létí òkun. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbálẹ̀ ní ilé eré, títí di ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣe òkú sín lórí ìtàgé, tí wọ́n lé e dànù, tí wọ́n sì ní kí agbálẹ̀ wá dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ débi pé obìnrin kan nínú èrò bú sẹ́kún. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Ó kú gẹ́gẹ́ bí ọba, ó kú gẹ́gẹ́ bí ṣọ́jà, bí bíṣọ́ọ̀bù, bí olè. Nígbà tó bọ́ sínú fíìmù, ikú rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ó ní, "Ìyá mi kì í bọ́ kóòtù ní ilé sinimá. Kó tó jókòó dáadáa, mo ti kú."

Ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ikú rẹ̀ sí. Mo kà nínú rẹ̀: "Idà. Ó dára." "Májèlé. Mo pẹ́ jù." "Wọ́n tì mí látorí àtẹ̀gùn. Bàtà mi bọ́, èrò rẹ́rìn-ín." Claire, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Clear Lake, ló mú un wá sí Houston lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí. Mo bi Claire bóyá bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe báyìí tipẹ́. Ó mí kanlẹ̀. "Ó kú níbi ìgbéyàwó mi. A ò tíì gé kéèkì."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pe áńbúláǹsì lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ wa, Madam Fọlákẹ́, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, fi fóònù pè mí.

"Bọ̀dá Àlàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ọ́fíìsì mi pa ni?"

"Madam, ó kú ni."

"Ó kú lẹ́ẹ̀mẹrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Bó bá tún kú láìkú, tí ẹ bá tún pe àwọn èèyàn yẹn lásán, ẹ kó báàjì yín wá fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ lọ́mọ nílé ìwé. Èmi náà lọ́mọ."

Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní pálọ̀. Ó wo bí mo ṣe nà, ó ní ìdọ̀bálẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti yá jù. Lẹ́yìn náà ló fi àmì kan hàn mí. Ó ní lórí ìtàgé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lè mọ̀ pé òun ò fara pa, òun máa ń ká àtàǹpàkò ọwọ́ òsì sínú ìkúùkù bí òun bá ti kú. Bí àtàǹpàkò bá wà nínú, eré ni. Bó bá wà níta, kí n pe ẹni tí mo bá fẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó iṣẹ́ wa kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ìtọ́jú, láàárín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti omi ìwẹ̀: "Bó bá ṣubú, kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò." Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ "gbì!" nínú ilé, màá yí iná ọbẹ̀ sílẹ̀, màá lọ wo ọwọ́ rẹ̀, màá kọ aago sílẹ̀, màá sì padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Ó kọ́ mi ní nǹkan méjì. Èkíní ni ohùn. Ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àga. Yóò ní kí n lọ dúró sí ìdí ọgbà lẹ́yìnkùlé, òun yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò ní kí n sọ orúkọ mi.

"Àlàbá."

"Mi ò gbọ́."

"Àlàbá!"

"Ọ̀fun lo fi sọ ìyẹn. Ikùn! Sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tó ń jẹ gúgúrú."

Èkejì, ó ní òkú tó mọ iṣẹ́ kì í kẹ̀yìn sí òǹwòran. "Wọ́n kúrò nílé wọn nítorí ojú rẹ. Bó o bá máa kú, kú kí wọ́n rí ọ." Mi ò mọ ohun tí màá fi ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n mo fi sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí là ń ṣe nílùú wa bí ẹnì kan bá dákú. Mo ní a máa ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, kó lè padà.

"Bí kò bá dáhùn ńkọ́?"

"A ó tún pè é, sà. Bó bá ní oríkì, a ó fi oríkì pè é, torí oríkì ló ń wọ èèyàn lára jù."

Ó ní, "Gbogbo ikú tí mo kú yìí, aṣọ ìtàgé ni wọ́n kàn ń fà bò mí. Ẹnì kankan ò pè mí padà rí." Ó ní òun fẹ́ oríkì. Mo fún un ní Àkànní. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe, kì í dáhùn.

Ọjọ́ Sunday wà lára ọjọ́ iṣẹ́ mi, nítorí náà mo máa ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí Ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá Àlàbá, wọ́n ní òyìnbó yín yìí mọ eré ṣe?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni, mà. Kíkú ló mọ̀ jù."

"Ọlọ́run tóbi! Díákónì tó fẹ́ kú fún wa ti lọ sí Nàìjíríà."

Ìyá Ìjọ ló kọ eré tí ìjọ fẹ́ ṣe lọ́dún náà fúnra wọn. Onílé burúkú kan lé àwọn ayálégbé rẹ̀ síta, ó kú ní ìran kẹta, wọ́n sì gbàdúrà títí ó fi jí dìde. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe ní láti sọ: "Ẹ kúrò nílé mi!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Ó ń pariwo rẹ̀ mọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Pearland, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ju lẹ́tà wa látinú ọkọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni okùn aṣọ ìtàgé. Ìyá Ìjọ ní, "Bí wọ́n bá ti ṣubú, ẹ fa aṣọ. Kò sí nǹkan míì."

Lọ́jọ́ eré, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Wọ́n wọ agbádá fún òyìnbó, wọ́n dé e ní fìlà. Bó ṣe yọ, inú ìjọ dùn. "Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Grandpa!" Ìran kìíní ni. Ó na ọwọ́ sí àwọn ayálégbé, ó ní, "Ẹ kúrò ní..." Ó sì ṣubú lulẹ̀.

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pariwo pé, "Landlord ti lọ!" Ìyá Ìjọ, tí wọ́n rò pé ó kàn tètè kú ni, ń na ìka sí mi láti ìjókòó iwájú: fa aṣọ, fa aṣọ. Mo di okùn mú, mo sì wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Àtàǹpàkò wà nínú ìkúùkù. Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá wo ìyókù ara rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo ìjọ.

Àtàǹpàkò ní eré ni. Ẹ̀yìn ní kì í ṣe eré.

Mo wo Madam Fọlákẹ́ lórí ìlà kẹrin. Ó ti rí ojú mi, ó sì ti mọ ohun tí mò ń rò. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀: ẹ má dán an wò. Mo rántí báàjì mi. Mo rántí owó ilé ìwé Dámi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o..." Ohùn orí fíríìjì ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ orin.

Mo ju okùn sílẹ̀. Mo wá ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo sì kó gbogbo ohun tó wà nínú ikùn mi rán sí i.

"KÌ Í ṢE ERÉ! Ẹ PE 911! ÀKÀNNÍ! ÀKÀNNÍ O!"

Orin dá wáí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí: bí o bá dijú ju òkò sínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì lo máa bà. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ṣí gèlè, wọ́n ń bọ́ bàtà gogoro. Dókítà méjì sáré wá. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé, "Dókítà, ẹ sún, ojú ni ẹ ń tọ́jú!" Wọ́n gé agbádá, wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí wá láti ẹnu ọ̀nà. Èmi kúnlẹ̀ sídìí etí rẹ̀, mò ń pè é, mi ò sinmi. "Àkànní! Ẹ dáhùn! Àkànní!"

Áńbúláǹsì dé. Onírunmú ńlá yẹn náà ni. Ó wò mí.

"Ìwọ náà ni?"

"Èmi ni."

"Òun náà ni?"

"Òun ni."

"Tòmátò?"

"Rárá o."

Ó sáré.

Ọjọ́ kẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe tó la ojú ní ọsibítù, ọ̀kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ kẹ̀yìn sí èrò, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Gbogbo ìjọ?"

"Gbogbo ìjọ, sà. Àtàǹpàkò yín sì wà nínú."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọgọ́ta ọdún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn yàtọ̀." Ó tún ní, "Ẹnì kan ń pè mí. Ohùn náà dé ìlà ẹ̀yìn pátápátá."

"Èmi ni, sà."

"Ikùn lo fi pè mí," ó ní, ó sì sùn lọ. Nígbà tó délé, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "Ṣọ́ọ̀ṣì, Houston. Kò dára rárá. Wọ́n pè mí padà."

Madam Fọlákẹ́ kò gba báàjì mi. Èmi ló wá ń ní kí n kọ́ àwọn kèágífà tuntun. Mo máa ń kó wọn lọ sí ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ọ́fíìsì, màá ní kí wọ́n pariwo orúkọ ara wọn. Wọ́n máa ń rò pé orí mi ti yí.

Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe tún lo nǹkan bí ọdún kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ti yọ dáadáa, mo gbé ẹ̀kọ òyìnbó rẹ̀ wọ yàrá. Ó ti lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà níta, ó nà gbọnrangandan lórí aṣọ ìbora. Ó yí ara rẹ̀ síhà àga tí mo máa ń jókòó sí láràárọ̀, ojú rẹ̀ sì hàn kedere láti ibẹ̀. Mo pe Àkànní lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gbogbo ikùn mi. Ajá àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé gbó. Mo pe 911, ohùn mi ò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àga mi, nítorí èmi nìkan ni gbogbo èrò tó ní.

Nígbà tí onírunmú ńlá wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń pàtẹ́wọ́. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn òkú náà, ó sì dúró kí òkú la ojú kan.

Èmi náà dúró. A jọ dúró pẹ́ díẹ̀.