Àwọn Ọmọ Tó Dákẹ́ ní Wọ́ọ̀dù

Ọjọ́ tí ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀, mo jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi ní Oǹdó, mò ń rán ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò dọ́gba. Mo gbọ́ ìró kan lókèèrè. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo ní òjò ló ń kù.

Bọ́lá ìyàwó mi sáré wọlé, ó ti pọn Fúnkẹ́, ọmọ wa tí ibà ń bá jà.

"Òjò wo lẹ̀ ń wí, Bàbá Fúnkẹ́? Ẹ ò rí i pé àdúgbò ti ń tú?"

Lọ́rì kòkó ló gbé wa dé Àkúrẹ́. Ara ọmọ ń jó, la bá gba ọsibítù lọ.

Wọ́ọ̀dù ọmọdé kún, àmọ́ kò sọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ìyá ni gbogbo wọn wà, wọ́n fi ọ̀já dì wọ́n pinpin, torí bógun bá dé, kò ní sáyè à ń wá ọmọ. Inú mi dùn pé Fúnkẹ́ ò tiẹ̀ sunkún mọ́. Mo ní, "Ọmọ akọni ni."

Nọ́ọ̀sì kan, ará Ìkàrẹ́, gbọ́ mi.

"Bàbá, ta ló ní kó dákẹ́?" Ó kọjú sí gbogbo wa. "Ẹ tú ọ̀já. Èyí tó ń ké ṣì lágbára, ẹ jẹ́ kó máa ké. Èyí tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wá ná."

"Sístà, bí wọ́n bá dé ńkọ́?" Bọ́lá bi í.

"Ẹ̀rù wọn ń ba èmi náà. Ẹ tú u."

Bí Bọ́lá ṣe tú u, orí Fúnkẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Nọ́ọ̀sì ní ibà ti mu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán. Wọ́n yẹ tèmi wò, ó bá a mu, wọ́n sì fà á. Mo ní kò séwu, ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sí Fúnkẹ́ lára, ọkọ̀ sójà ń kọjá, fèrèsé ń gbọ̀n. Obìnrin tó jókòó tì wá tú ọmọ tirẹ̀. Ó wò ó. Ọmọ náà ò mí mọ́. Ìyá rẹ̀ tún un pọ̀n, ó ń mì í. Nọ́ọ̀sì lọ jókòó tì í.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ò kọjá mọ́. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Fúnkẹ́ lanu, ó ké.

"Ẹ má tíì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o," nọ́ọ̀sì wí.

Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni Fúnkẹ́ ń gbé báyìí. Ọkọ rẹ̀ máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo máa ń ní kó fara dà á. Èmi náà á wá jókòó sí pálọ̀ wọn, màá máa gbọ́ ọ.