Ọdún Tí Odó Wa Dákẹ́

Bàbá mi kò lówó tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ohun tó ní ni ẹnubodè. Lójú ọ̀nà tó jáde nílùú Ìbàdàn lọ sápá Ìjẹ̀bú, àtíbàbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó sí, tó ń gba owó-bodè lọ́wọ́ àwọn tó ru ẹrù kọjá. Olóyè kan ló ni bodè náà. Bàbá mi ló ń bá a gba owó, ó sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Epo ni o, èkùrọ́ ni o, iyọ̀ tàbí aṣọ, kò sí ẹrù tó kọjá tí kò sọ nǹkan sílẹ̀. Ìpín yẹn ni à ń jẹ nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, òun náà ni àwọn àlejò wa ń jẹ.

Nígbà tó yá, àwọn Òyìnbó tó wà ní Agodi pàṣẹ pé kí owó-bodè dáwọ́ dúró, kí ẹrù máa lọ, kó máa bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn oníṣòwò jó lọ́jọ́ náà. Nílé tiwa, bàbá mi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wálé láti ẹnubodè, ó sì gbé e sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kéré nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán láìta á síta odó ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá ru ìjókòó ibi iṣẹ́ wálé kì í ṣe ẹni tó ń ti ibi ayọ̀ bọ̀.

Tí mo bá ń dúpẹ́ lónìí, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, àmọ́ tó bá ti pinnu nǹkan, kí ẹ yáa lọ sùn. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tó fi lọ bá ìyáálé rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ bá mọ àwọn méjèèjì, ẹ ó mọ̀ pé ìrìn yẹn kì í ṣe kékeré. Iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dá, ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iyọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè fi odindi ọ̀sẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ àwa ọmọ. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká da iná yìí pọ̀."

Ìyáálé wò ó títí. Ó ní, "Ta ni yóò máa bu iyọ̀ sí i?"

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ni."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni ọbẹ̀ wa ti tẹ́, nítorí ìyáálé mú ọ̀rọ̀ kí á máa ṣọ́wó ná lókùnkúndùn, ó ń bu iyọ̀ bí ẹni tó ń bu oògùn.

Lẹ́yìn iná, ó kan ohun gbogbo. Bí a bá ti jẹun tán ni wọ́n ń pa fìtílà, àwa ọmọ á wá kó ara wa jọ sí yàrá kan. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, olú rọ́pò rẹ̀ nígbà òjò, ìrètí ló rọ́pò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n dá onídìrí dúró. Ìyáálé ló wá ń di irun wa, ọwọ́ rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi ń fà sókè bí ojú ológbò. Mo sunkún ìdìrí yẹn dáadáa. Lónìí, ká ní mo lè rí ọwọ́ líle yẹn lórí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò ní fọhùn.

Gbogbo èyí ni bàbá mi gbà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò gbà. Ìyá mi ní iṣu ti wọ́n, èlùbọ́ kò wọ́n, kí a máa fi èlùbọ́ ro ọkà jẹ lálẹ́. Bàbá mi ní rárá. Ọkà kì í dún, odó ló ń dún. Ní agboolé tiwa, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìró odó ni ará àdúgbò fi ń mọ ẹni tó wà dáadáa. Ọkùnrin tí odó rẹ̀ bá dákẹ́, wọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún un. Ó ní, "Ẹ lè fi omi lásán se ọbẹ̀. Ẹ ṣáà ti gún iyán."

A ń gún un. Ibi tí odó bá sì ti dún, àlejò kò ní jìnnà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi mẹ́ta kan wà tí wọn kì í tàsé. Aṣáájú wọn ni ọkùnrin kan tó ń hun aṣọ ní agboolé kejì, ẹni gígùn, ẹlẹ́rìn-ín, tí òwú máa ń lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí, bàbá mi á pariwo, "Ẹ bá wa ire! Ẹ wá jẹun!" Wọ́n á ní àwọn yó, á bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ṣan ọwọ́. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín, á máa ti iyán sí iwájú wọn. Àwa tó wà lẹ́yìn ilé á máa fi ìka họ èyí tó lẹ̀ mọ́ inú odó. Ohun tí ìyá mi fi ṣíbí kó pamọ́, igbá ni bàbá mi fi ń kó o síta.

Báyìí ni Iléyá fi ń bọ̀. Ọdọọdún ni bàbá mi ń pa àgbò tó ga, tó sì ń pín ẹran yí ká ilé, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lọ́jọ́ kan ó pe ìyá mi sí yàrá. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí, kò sì lé mi jáde, nítorí tó bá ń ronú, kì í rí ọmọdé. Ó ní òun ti rí aláṣọ kan ní Ọjà'ba tí yóò yá òun lówó àgbò, owó aṣọ ọdún àti owó iṣu. Ó ní, "Ó kàn ní kí n mú ọmọ kan wá sọ́dọ̀ òun ni."

Ìwọ̀fà nìyẹn. Ẹni tó bá yáwó á fi ọmọ sílẹ̀ nílé olówó, ọmọ á máa sìn ín títí wọ́n á fi rówó dá padà. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe, èlé ni, kò dín owó náà kù. Ọmọbìnrin kan ní agboolé wa ti lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣì ń ká. Ó ti di ọlọ́mú, ibẹ̀ ló ṣì wà. Bàbá mi kò wò mí. Àwo ẹ̀gúsí ló ń wò. Ó ní, "Èyí ló tó lọ. Kò ní pẹ́."

Nígbà tí mo padà mọ ohun tí mò ń ṣe, èèpo ni mò ń kó sínú àwo, ẹ̀gúsí ni mò ń dà nù. Mo wo ẹnu ìyá mi. Gbogbo ohun tó sọ ò ju, "Mo ti gbọ́," ó sì jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì a gún iyán bí a ti máa ń gún un. Àwọn àlejò dé. Ìyá mi gbé iyán fún wọn, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde mọ́. Ó fa ọwọ́ mi, ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ mi," ó ní, "kẹ́ ẹ tó bu òkèlè, mo lọ́rọ̀ kan. Àtìgbà tí wọ́n ti dá owó-bodè dúró, kò sówó nílé yìí mọ́. Mo dákẹ́, torí àṣírí ọkọ mi, àṣírí mi ni. Àmọ́ wọ́n fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe ìwọ̀fà nítorí àgbò àti iyán. Mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀."

Bàbá mi dìde fùú. "Ìwọ obìnrin yìí, o dójú tì mí!" Mo rò pé yóò lù ú. Kò lù ú, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀.

Ahunṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra ti àwo iyán sẹ́yìn. "Ìyàwó wa, dìde nílẹ̀." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ṣé nítorí tiwa lo ṣe ń gúnyán lálaalẹ́?"

Ó pàtẹ́wọ́, ó ní:

"Háà! Àwa náà, nítorí tìẹ la ṣe ń wá o. Ta ni kò mọ̀ pé bodè ti lọ ní gbogbo Ìbàdàn yìí? Odó rẹ la máa ń gbọ́. A ní bá a bá gbọ́ odó tá ò yọjú, wàá ní torí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ la ṣe sá fún ọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nílé! Ó ní n ò jẹ oúnjẹ òun, ó ní ó dájú pé mo lálè níbì kan!"

Èkejì rẹ̀ ní, "Èmi, iyán alẹ́ ò bá mi lára mu. Inú ń kùn mí títí di asùbáà. Mo ń fara dà á ni."

Ìyáálé, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ni àwọn yòókù bá bá a rẹ́rìn-ín, títí kan bàbá mi, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ jù, nígbà tó sì fi máa tán, ó ti jókòó, ó fi ọwọ́ bojú. Ó ní, "Ó ti tú báyìí. Kí ni mo tún fẹ́ yáwó bò?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ sí Ọjà'ba, ó sọ fún aláṣọ pé òun kò yá owó mọ́. Láti ibẹ̀ ó gba oko bàbá rẹ̀ lọ, oko tí kò tẹ̀ láti ìgbà tó ti di ọ̀gá ẹnubodè. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn dùn ún, ó ń ráhùn káàkiri ilé, kò sì jáwọ́. Odó wa dákẹ́. Ọkà ni à ń jẹ, a sì ń yó, nítorí àwa nìkan ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì yé wá. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni wọ́n wá ń dé, láti ẹnu ọ̀nà ni ahunṣọ á ti máa pariwo, "A ti jẹun wá o!" Wọ́n á mu omi, wọ́n á tàkúrọ̀sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin yẹn títí di òní.

Iléyá dé láìsí àgbò, láìsí aṣọ tuntun. Ìyá mi àti ìyáálé kó àwọn kíjìpá wa tó ti ṣá, wọ́n tún wọn rẹ sínú aró, wọ́n sì dúdú bí tuntun. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọn kò ṣan aró náà kúrò dáadáa. Nígbà tí oòrùn Yídì mú wa, tí òógùn bò wá, ọrùn gbogbo wa di aró. Ọmọ kan bi mí bóyá inú ìkòkò aró ni mo sùn. Ibi ìrun la wà ni, n bá ti fún un lésì.

Níbẹ̀ ni lèmọ́mù ti ṣe wàásí. Ó sọ̀rọ̀ Ànábì Ọlọ́run tí wọ́n ní kó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, tó ti tẹ́ ọmọ sílẹ̀, tí Ọlọ́run fi àgbò rọ́pò rẹ̀. Ọdọọdún la ń gbọ́ ọ. Mo jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo sì rí ẹ̀yìn bàbá mi níwájú, orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, kò sì gbé e sókè títí wàásí fi parí.

Nígbà tí a délé, àgbàlá wa mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹran láti ilé yìí, ẹran láti ilé ọ̀hún, gbogbo ilé tí bàbá mi ti ń pín ẹran fún látọdún wá. Ahunṣọ fúnra rẹ̀ gbé itan wá léjìká. Ó ti mọ́ bàbá mi lára láti máa fúnni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ó kàn ń sọ fún olúkúlùkù pé ó ti pọ̀ jù, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó pè mí jókòó ti ara rẹ̀, níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó wo ẹran, ó wo ìyá mi. Ó ní, "Ọlọ́run fi àgbò gba ọmọ sílẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ fi ọmọ gba àgbò."

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹun. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ó jẹun. Mo jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò sì sùn nílé onílé rí títí di ọjọ́ tí wọ́n sìn mí lọ sílé ọkọ.