Oògùn Tí Aládùúgbò Wa Rà fún Àbúrò Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, Veddel ní Hamburg là ń gbé, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ẹ̀yin ọmọ Berlin tí mò ń kí ní Yorùbá, tí ẹ ń dá mi lóhùn ní Jámánì, mo ti dárí jì yín. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí mi já.

Ọkùnrin kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Bọ̀ọ̀dá là ń pè é. Ọmọ Kòmórò ni, àwọn erékùṣù kan nínú òkun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló kù fún un nílé. Bọ̀ọ̀dá ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, kò sì sí ìgbà tó bá ń mu tíì lọ́dọ̀ wa tí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ ni òun àti bàbá mi máa ń sọ. Erékùṣù mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta kúrò lábẹ́ Faransé, ìkẹrin ní òun ò lọ síbì kankan. Àsíá wọn ò tíì pẹ́ lókè tí wọ́n fi lé olórí àkọ́kọ́ kúrò. Ẹni tó jọba lẹ́yìn náà gbé agbára lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, àbúrò bọ̀ọ̀dá sì wà lára wọn. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó kan tó ń gbowó jagun gba orí òkun wọ ìlú, wọ́n sì dá olórí àkọ́kọ́ padà sórí àga. Àwọn àgbà ń gba àga lọ́wọ́ ara wọn, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá a lọ.

Bọ̀ọ̀dá wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí atukọ̀ kan, ọmọ ìlú rẹ̀, wá a wá. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ ṣí, kò lè dúró. Ó jíṣẹ́ fún bàbá mi pé wọ́n ti pa àbúrò náà. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa: a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tó dá wà lẹ́yìn odi. A ó ní ara onítọ̀hún ò yá. Tó bá tún ṣe díẹ̀, a ó ní àìsàn náà le, títí olókùú yóò fi fura fúnra rẹ̀. Bàbá mi ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì sọ fún bọ̀ọ̀dá pé wọ́n ní ara àbúrò rẹ̀ ò yá.

Ọmọ Yorùbá ì bá ti fura. Ohun tí bọ̀ọ̀dá gbọ́ ló gbà. Ó lọ sí Apotheke, ó ra oògùn ibà, ó ra ti ikọ́, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀, torí kò mọ èyí tó ń ṣe é. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan ni mo bá a tò ó sínú páálí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré ni àbúrò òun kì í fẹ́ gbé oògùn mì. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ìyá mi pé lọ́la lòun máa sọ ọ́.

Nígbà tí bọ̀ọ̀dá lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kan ní àdúgbò St. Georg, àwọn ará ibẹ̀ tí ìròyìn náà ti dé etí wọn kí i kú àjálù. Ọ̀dọ̀ wa ló gbà wá tààrà. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀," ló sọ fún bàbá mi. "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò mí tí mò ń ra oògùn fún òkú. Àdúrà ló yẹ kí n máa ṣe fún un."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tó kéré sí i. Bọ̀ọ̀dá ò gbé e dìde. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Lurup ní òdìkejì ìlú, kò sì bá wa mu tíì mọ́.

Láti ìgbà náà, ìjọba ti yí lọ́wọ́ ẹni púpọ̀ ní Kòmórò, erékùṣù ìkẹrin ṣì wà lọ́dọ̀ Faransé. Ayé sì ti yí tiwa náà. Ta ló tún ń fi òkú pamọ́? Lọ́dún tó kọjá, mo wà nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Berlin níbí, nígbà tí ọmọ kan tí n kò mọ̀ fi àwòrán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta sí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi bínú sí bàbá mi nítorí irọ́ tó pa. Lọ́jọ́ náà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí, mo di fóònù náà mú, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan pè mí, kó ní ara ẹ̀gbọ́n mi ni kò yá.