Èsì Ìbò Oǹdó Tí Fóònù Mi Kò Fi Hàn

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọdún Àjíǹde wọlé, lọ́dún tí ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fẹ́ yan alága tuntun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù dárà lónìí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe jí ìbò wa lọ́sàn-án gangan, àti bí èmi fúnra mi ṣe ṣílẹ̀kùn fún wọn. Inú ṣì ń bí mi.

Ohun tí a ń jà fún kò ṣòroó yé. Olùkọ́ tó bá ti lanu sọ̀rọ̀, alága àtijọ́ á ta àwọn ọ̀gá lólobó, wọ́n á sì gbé e jù sí ilé ẹ̀kọ́ kan létí omi. Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ló jáde bá a du ipò náà pé òun yóò fòpin sí ìyà yẹn.

Èmi ni mo kọ ètò orí fóònù tí àwọn aṣojú wa yóò fi tẹ èsì ránṣẹ́. Mo sì gbéra ga. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè wá, kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́, a ó rí i ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkópọ̀ ìbò.

Ibẹ̀ ni èmi àti Bọ̀dá Délé, aṣojú wa, jókòó sí. Èsì Àkúrẹ́ hàn lójú fóònù. Ti Oǹdó, òfo. Mo pààrọ̀ síìmù, mo bọ́ síta, mo na fóònù sókè. Òfo náà ni. Mo bá pe Màmá Akínrìnádé, olùkọ́ tó ń ṣojú wa ní Oǹdó.

"Màmá, èsì dà?"

"Mo ti fi ránṣẹ́ tipẹ́, ọmọ mi."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin ará Oǹdó ti tà wá!" Mo gé ìpè náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olùdarí ìbò ka iye kan fún Oǹdó, iye tó gbé alága àtijọ́ borí. Ó ní, "Ẹni tí èsì ọwọ́ rẹ̀ bá yàtọ̀, kó gbé e wá. Bí kò bá sí, ẹ fọwọ́ sí i."

Bọ̀dá Délé wo fóònù mi, ó wo ojú mi. "Kí la fẹ́ gbé wá? Ẹ jẹ́ ká lọ ulé." Ó fọwọ́ sí i. Nínú òfin ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i kò ní ẹjọ́ mọ́.

Nígbà tí mo dé ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé, mo pa ètò náà, mo tún un ṣí. Èsì Oǹdó yọ. Aago méjì ni Màmá ti fi ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ló sì borí! Ètò náà ti gbà á. Mo ti kọ ọ́ pé bí èsì bá dé, kó ṣe àkójọ tuntun, ṣùgbọ́n àkójọ àtijọ́, tí Àkúrẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀, ni ojú fóònù ṣì ń wò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe. Mo sunkún.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní Oǹdó. Ó ní, "Ìwé èsì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí o pè. Kí ló dé tí o kò ní kí n kà á fún ọ?"

Olè làwọn tó yí èsì yẹn, mi ò sì ní dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ohun kan tí a rí kọ́ ni pé lónìí, aṣojú wa á tẹ èsì, á sì tún pè. Ohun tí àwa pàdánù kò tó ti Màmá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gbé e lọ sí etí omi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é. Ohun kan náà ló máa ń bi mí: "Ìgbà wo lẹ máa dá mi padà sí Oǹdó?"