Àkókó Tí Kò Dé Fìlà

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ igi gígé ní Kàdúná, láti Kawo tí mò ń gbé títí dé Gonin Gora. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wa rò pé agbára apá ni. Irọ́ ni. Ojú àti etí ni. Igi tí inú rẹ̀ ti jẹrà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò máa yọ ewé, yóò máa so èso, àfi ọjọ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ bá já lójijì.

Ọ̀gá mi, Bàbá Múfú, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn àáké ló máa ń fi lu igi. Bó bá dún kó, igi le. Bó bá dún bòm, ihò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka tó bá ga ju ibi tí àáké lè dé, àkókó ló máa ń wò lórí rẹ̀, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi láàárọ̀ bíi káfíńtà tó tètè jí.

"Ràṣídì," ni yóò wí fún mi, "àkókó tó bá dé fìlà pupa, igi jíjẹrà ló ń wá. Èyí tí kò bá dé fìlà, èèrà ló ń ṣà lára èèpo. Má dá a lóhùn."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí àṣẹ. Nígbà tí ọ̀gá mi padà sílé lọ sinmi, èmi náà di ọ̀gá, ìgbéraga sì wọ̀ mí lẹ́wù díẹ̀. Kí n má purọ́, ó wọ̀ mí púpọ̀.

Ìgbà náà ni Àlájà kan ránṣẹ́ pè mí ní Ungwan Rimi. Ará Ìlọrin ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan nínú ọgbà rẹ̀. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbin igi náà. Ẹ̀ka kan nà gbọọrọ sórí ẹní tí àwọn tó kéré jù ń jókòó lé.

"Ràṣídì, mi ò fẹ́ fọwọ́ kan igi yìí o," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ló ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó o bá sọ ni màá ṣe."

Mo gbójú sókè. Àkókó kan ń gbá ẹ̀ka náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, orí rẹ̀ rí bí eérú, kò sì dé fìlà kankan. Mo fi àáké lu ìdí igi, ó dún kó. Ẹyẹ náà fò, mo rí pupa fìrí lókè ìrù rẹ̀, mi ò kà á sí. Ó yẹ kí n gun òkè lọ lu ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Mi ò lọ.

"Àlájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Èèrà lẹyẹ yẹn ń ṣà. Kò sí nǹkan kan."

"Alhamdulilahi!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bu kúnú tútù fún mi. Mo mu ife méjì, mo gba ilé lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó mi, Sìfáwù, ń fọṣọ lẹ́yìn ilé wa ní Kawo, níbi tí dóńgóyárò kan ti kú sí. Ó pè mí.

"Bàbá Kúdí, ẹ wá wo tọkọtaya tó kó wá bá wa gbé."

Ihò roboto kan ti wà lórí dóńgóyárò náà, ẹ̀ẹ́rún igi sì ti kún ìdí rẹ̀. Àkókó kan yọrí nínú ihò, fìlà pupa wà lórí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀gá mi kò purọ́. Ó fò lọ. Kò pẹ́ tí òmíràn dé, olórí eérú, tí kò dé fìlà. Inú ihò kan náà ló wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀ẹ́rún igi síta.

"Kí lèyí ń wá níbẹ̀? Èèrà ni irú èyí ń jẹ!"

Sìfáwù wò mí bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tó wọ bàtà lódìlódì. "Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ nìkan ló ń dé fìlà. Ẹ wo òkè ìrù wọn, ṣé àwọn méjèèjì kọ́ ló pupa ni?"

Nígbà tó fò, mo rí i. Ó pupa bí ata. Mo rántí pupa tí mo rí fìrí ní Ungwan Rimi, lára ẹyẹ tí mo ní èèrà ló ń ṣà. Mo pe Àlájà lórí fóònù, kò gbé e, àsìkò kéwú ni. Mo gbé àáké, mo sáré gun ọ̀kadà.

Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ. "Àlájà, ẹ kó wọn kúrò lábẹ́ igi!"

"Haba, Ràṣídì! Ṣebí ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan?"

"Mo ṣì í, Àlájà. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó pàtẹ́wọ́: "Ku tashi! Ẹ dìde!" Àwọn ọmọ tú ká, òmíràn tilẹ̀ gbàgbé wàláà, pátákó tó fi ń kéwú, sórí ẹní. Mo so okùn mọ́ra, mo gun òkè. Ihò wà lórí ẹ̀ka náà, ní ìhà tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè rí. Mo fi ẹ̀yìn àáké lù ú. Bòm. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó já. Orí ẹní ló balẹ̀ sí, inú rẹ̀ sì tú jáde bíi gààrí.

Àlájà bẹ̀rẹ̀, ó mú wàláà kan nílẹ̀. Ó ti là sí méjì.

"Ta ló ni èyí?"

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ na ọwọ́ sókè. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní màá gbé e fún káfíńtà kó tún un ṣe.

"Rárá," ni Àlájà wí. "Màá ra òmíràn fún un. Gbé èyí lọ sílé rẹ. Gbé e kọ́ síbi tí wàá ti máa rí i."

Mo pe Bàbá Múfú lọ́jọ́ náà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ràṣídì, igi jíjẹrà mélòó ni mo ti fi sílẹ̀ báyìí?"

Orúnkún kò jẹ́ kí n gun igi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pè mí kí n wá wò ó. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé àga fún mi, mo sì ń dúró títí ẹyẹ kejì yóò fi dé. Wọ́n á máa kùn, èmi á máa wo òkè. Wàláà náà wà lára ògiri mi títí di òní, pẹ̀lú ohun tí ọmọ yẹn kọ sára rẹ̀. Bí ọmọ kéwú bá ti há ti ara wàláà rẹ̀ sórí, wọn a fọ̀ ọ́ kúrò. Èmi kò tíì fọ tèmi.