Ọkọ̀ Òfuurufú Onímú Gígùn

Pákó tí ọmọbìnrin mi ṣà lọ́jà àwọn onípákó ní Bódìjà ló fi ń gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Àgbowó ló ń gbé, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti wà nílé wa, òpin ọ̀sẹ̀ kì í bá a níbẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó jókòó sí fàráńdà, ó ń fi sánpépà ha pákó rẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé eruku rẹ̀ gba inú oòrùn kọjá, bí àlá tí ènìyàn ń gbàgbé lọ.

"Kí ló dé tí imú rẹ̀ gùn tó báyìí?" ni mo bi í. "Àbí ará ilé ìyá rẹ lo wò gbẹ́ ẹ?"

"Dádì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Mọ́mì ń gbọ́ yín."

Ó ní ọkọ̀ tó bá ń sáré ju ìró lọ, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kì í ráyè yà fún un. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ti imú wá, ti apá, ti ìrù, gbogbo wọn á lé ara wọn bá, wọ́n á di ọ̀kan, wọ́n á já lulẹ̀ gbàù! Fèrèsé á mì, ọmọ ọwọ́ á ta jí. Ṣùgbọ́n bí imú bá gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì wà lókè ẹ̀yìn, ìgbì kọ̀ọ̀kan á máa bọ̀ ní tirẹ̀.

"Kí lẹni tó wà nílẹ̀ á wá gbọ́?"

"Gbì, bí ìgbà tí aládùúgbò pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé."

Mo di ojú. Mo rí i tó ń wẹ̀ kọjá lórí àwọn páànù Dùgbẹ̀ bí ẹja, ológbò tó sùn sórí òrùlé ò tilẹ̀ ju etí.

Fóònù mi ló jí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún màmá wa ti kú láàárọ̀, ní Mọ́níyà. Màmá sì rèé nínú pálọ̀, tàwọn ti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

"Bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa náà ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbogbo wa la ó jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe nígbà tí bàbá wa kú. Bí Màmá ṣe rí èrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣubú. Ilé ìwòsàn ní Jẹ́ríkò ni wọ́n sùn mọ́jú.

Ọmọ mi gbé sánpépà sílẹ̀. "Dádì, gbàù nìyẹn o."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ọmọ mi to gbogbo wa. Òun á kọ́kọ́ wọlé lọ fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ fún Màmá, bó ti máa ń ṣe. Èmi á tẹ̀ lé e, n ó sọ pé ara àbúrò wọn ò yá. Ìyàwó mi á gbé tíì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi á wá gbẹ̀yìn láti túfọ̀.

"Ṣé èmi wá ni ìrù ọkọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi ń kùn.

"Ẹ̀yin ni ẹ́ńjìnnì, Dádì àgbà."

A wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa yọ lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ti di ọwọ́ ọmọ mi mú.

"Mo ti ń gbọ́ ọ bọ̀ láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń fọwọ́ wọ́ mi lẹ́sẹ̀," ni wọ́n wí. "Jókòó, kí o rọra sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Omijé Màmá ń kán díẹ̀díẹ̀ sínú tíì. Wọn ò ṣubú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àbúrò wọn ṣe máa ń sùn lọ lẹ́yìn wọn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kí wọ́n tó so ọ̀já tán. Gbogbo wa jókòó tì wọ́n, à ń gbọ́.